Àpótí Tí Àsánì Kàn fún Àníkẹ́

Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ mi ní Òkokomáíkò, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára ìyá ọkọ mi ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bó bá ku àwa nìkan nínú ilé, òsì ni wọ́n fi ń bẹ iṣu, òsì ni wọ́n fi ń gbálẹ̀, òsì náà ni wọ́n fi ń di abẹ́rẹ́ mú. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kanlẹ̀kùn báyìí, kíá, ọ̀bẹ á ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, iṣu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbágungbàgun. Mi ò bi wọ́n léèrè. Ìyàwó tuntun kì í bi ìyá ọkọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àníkẹ́ ni oríkì wọn, Sàdíátù ni wọ́n sọ wọ́n nígbà ìkómọ, ṣùgbọ́n Ìyá Gánà ni gbogbo Òkokò ń pè wọ́n. Èmi ń pè wọ́n ní Màámi. Wọ́n ti re ibi àgbà ń rè báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìsọ̀ kékeré kan ni wọ́n ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry, wọ́síwọ́sí ni wọ́n ń tà níbẹ̀: òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, òòyà, díńgí kékeré tí àwọn ọmọge ń fi sínú báàgì. Àlíù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí í ṣe ọkọ mi, ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Alábà. Èmi Yẹ́misí ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà, lẹ́nu géètì yunifásítì.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi mọ ìtàn wọn. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọge nígbà tí wọ́n gbé wọn fún Àsánì, káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gánà, ó sì mú wọn lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Abòkúmà. Ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù ni. Màámi máa ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí epo, pé bí òjò bá rọ̀, àwọn ọmọdé á máa wo ojú àgbàrá bóyá nǹkan á tàn. Àsánì ń kan ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ibùsùn fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ inú kòtò. Màámi ń ta wọ́síwọ́sí lọ́jà. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní níbẹ̀ tó dà bí ọmọ ìyá ni Esí, ọmọ ìlú náà, tó ń ta ẹja yíyan níwájú ìsọ̀ wọn.

Àlíù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà tí ibà dá Àsánì dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ lórí àìsàn rárá. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Sóńgò, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò, Màámi sì ń bá ọjà wọn lọ. Ìgbà tó di ọdún 1969, ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa lọ sílùú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló níwèé? Màámi pọn Àlíù, wọ́n di ẹrù tí orí wọn lè gbé, wọ́n wọ lọ́rì. Èyí tí kò ṣeé gbé, wọ́n fi sọ́dọ̀ Esí.

Ṣakí ni wọ́n kọ́kọ́ padà sí. Nígbà tí wọ́n la títì Badagry tán, wọ́n kó wá sí Òkokò. Àwọn ẹbí bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá lọ sínú igbó. Wọ́n ní ojú ọ̀nà Gánà ni àwọn fẹ́ jókòó sí.

Àlíù ló sọ ti ọdún 1983 fún mi. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni nígbà náà. Ìjọba tiwa náà ní kí àwọn ará Gánà àti àwọn àlejò mìíràn máa lọ, ọ̀nà Badagry sì kún fún èèyàn. Àwọn mìíràn wà lórí ọkọ̀ ẹrù bí àpò gaàrí, àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ru báàgì onílà tí gbogbo ayé wá ń pè ní Ghana Must Go. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn sì ń mú. Màámi gbé àgbá omi kan síwájú ìsọ̀, wọ́n to ife sórí rẹ̀, wọ́n dúró tì í.

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí wọn kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Ìyá Gánà, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ṣe bí àwọn ló lé ẹ̀yin náà?"

"Mi ò gbàgbé."

"Ẹ wá ń fún wọn lómi?"

Màámi ní, "Ṣé torí ìyẹn ni kí òùngbẹ wá gbẹ wọ́n pa?" Wọ́n sì bu omi fún ẹni tó kàn.

Gbogbo ẹni tó bá mu omi lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń fi èdè ibẹ̀ bi léèrè bóyá ó mọ Abòkúmà. Ọ̀pọ̀ mi orí. Àwọn kan mọ orúkọ ìlú náà, wọn ò débẹ̀ rí. Ó di ọjọ́ kẹta kí aránṣọ kan, obìnrin tó pọn ìkókó, tó dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n, pé abúlé ìyá òun kò jìnnà síbẹ̀. Màámi di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé o mọ Esí, ẹlẹ́ja?"

"Esí tí eyín rẹ̀ ní àlàfo níwájú?"

Àlíù ní òun ò tíì rí kí ìyá òun sunkún lójú títì rí, àfi ọjọ́ yẹn. Wọ́n tú ìró òkè tí wọ́n ró, wọ́n fún aránṣọ náà pé kó fi bo ọmọ rẹ̀ lórí, kí oòrùn má pa á. Wọ́n ní, "Bí o bá délé, sọ fún Esí pé Àníkẹ́ ń bẹ láàyè. Sọ fún un pé ọmọ náà ń bẹ, ó ti ga. Sọ fún un pé Òkokò ni mo wà, lẹ́bàá títì, ẹni tó bá ń bọ̀ láti Sẹmẹ̀ ò lè ṣì mí."

Aránṣọ náà lọ. Ọdún gorí ọdún, wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Èmi wà nílé ní ọdún 1995 nígbà tí ìdáhùn dé. Awakọ̀ kan tó ń ná Accra ló yà, ó ń bi kiri pé ta ni Àníkẹ́. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò gùn. "Esí kí yín. Ó ní òun gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán nígbà náà, kò kàn sí ẹni tí òun lè rán padà ni. Ó ní ojú ń dun òun, ó sì ti ń ṣú. Ó ní bí ẹ bá máa wá, kí ẹ wá nígbà tí òun ṣì lè rí yín."

Màámi fún un lóúnjẹ, wọ́n sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo fẹ́ lọ," ni wọ́n wí. "Mo sì fẹ́ lọ kí bàbá Àlíù níbi tó sùn sí. Mi ò tíì débẹ̀ mọ́ látọjọ́ tí mo ti kúrò."

Àlíù kò lè kúrò ní Alábà lásìkò yẹn, nítorí àwọn oníbàárà ti kó iṣẹ́ jọ sí i lọ́rùn. Èmi ni ọwọ́ mi dilẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi, ṣọ́ọ̀bù wa dákẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi eruku bora. Mo ní, "Màámi, màá tẹ̀ lé yín." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fún wọn ní nǹkan ńlá.

Ìrìn náà jìn. A gba Sẹmẹ̀, a la Kutonú àti Lomé kọjá. Ní gbogbo bodè ni wọ́n ti ń da àpò wa rú. Màámi kò ráhùn. Bí a ṣe wọ ilẹ̀ Gánà báyìí, èdè ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn, ó kọ́kọ́ ń fà, nígbà tó yá ó ń ṣàn bí omi. Wọ́n ń bá ọmọ ọdún méjì tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré nínú ọkọ̀. Èmi tí mo mọ̀ wọ́n sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnu yà mí. Àṣé èdè kan wà tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta la dé Abòkúmà. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa lóòótọ́. Lórí òkè kan, ilé irin gíga kan dúró tó ti dípẹtà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi okùn sọ àwọn òṣìṣẹ́ kalẹ̀ sínú kòtò. Ilé iṣẹ́ tó ń wa góòlù ti kógbá sílé tipẹ́. Ìlú náà parọ́rọ́, koríko ti hù lójú irin rélùwéè.

A béèrè ilé Esí, wọ́n sì mú wa débẹ̀. Kò sí nílé. Ọkùnrin kan tó dúdú, tó wọ gíláàsì ojú, ló jáde sí wa. Ébò lórúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Esí ni ṣùgbọ́n Esí ló tọ́ ọ, ìyá ló sì ń pè é. Ó ní wọ́n mú ìyá òun lọ sí ìlú kejì nítorí ojú, wọ́n á dé lọ́la. Nígbà tí Màámi sọ orúkọ ara wọn, ọkùnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Àníkẹ́ Alátà?" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"Èmi ni."

Ó dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe àṣà wọn láti dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé Esí ló kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Màámi ní kó mú àwọn lọ sí itẹ́ òkú. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yá a lára. Ó lọ pe bàbá arúgbó kan wá ní Sóńgò, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ rìn lọ. A gba ẹ̀yìn ilé kọjá, a jáde sí ìdí òkìtì kan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Yẹ̀pẹ̀ ni, èyí tí wọ́n wú jáde láti inú kòtò góòlù. Koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń jẹ lórí rẹ̀.

Màámi ń wò kiri. "Níbo ni?"

Bàbá náà na ọ̀pá rẹ̀ sí òkìtì náà. Màámi ló túmọ̀ ohun tó wí fún mi, ohùn wọn kò sì yí padà bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà kò ní ibi tó máa da yẹ̀pẹ̀ sí mọ́ lọ́dún kan, wọ́n dà á sórí itẹ́ òkú. Àwọn ará Sóńgò bẹ̀bẹ̀, wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ìyá bàbá náà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ibẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni tirẹ̀ máa wà?" èmi ni mo béèrè.

Bàbá náà mi orí. Màámi ní, "Fi sílẹ̀, ìyàwó mi. Ọlọ́run mọ ibẹ̀." Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko, bàbá náà jókòó tì wọ́n, wọ́n sì ṣe àdúà fún òkú. Nígbà tí wọ́n dìde, yẹ̀pẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn. Mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n rọra gbá ọwọ́ mi dànù.

Ilẹ̀ mọ́, Màámi kò fẹ́ jẹun. Ébò ń wá ohun tó lè fi tù wọ́n nínú. Ó ní òun ní ibi kan tí òun fẹ́ kí a rí kí ìyá òun tó dé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ góòlù ti dáwọ́ dúró ni òun ti ń kó àwọn ohun àtijọ́ ìlú náà jọ, nítorí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ kò mọ ohun tí àwọn bàbá wọn ṣe nínú kòtò. Ó ti sọ ilé tí wọ́n ti máa ń san owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ di mùsíọ̀mù, ilé ohun àtijọ́. Mo rí i pé nítorí tèmi ni Màámi ṣe gbà láti lọ.

Yàrá méjì péré ni ilé náà. Irin ṣì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Nínú yàrá àkọ́kọ́, àwọn akoto tí wọ́n ń dé wọ inú kòtò wà lára ògiri, pẹ̀lú àtùpà tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí, ṣọ́bìrì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, àti fọ́tò àwọn ọkùnrin tí ara wọn funfun fún eruku. Ébò ń ṣàlàyé fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí. Ó máa ń fọwọ́ kan olúkúlùkù kó tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bí ẹni ń jí i lójú oorun.

Àárín yàrá kejì ni àpótí onígíláàsì kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwo tí wọ́n fi ń fọ yẹ̀pẹ̀, àti ègé góòlù kan tí kò tó èékánná ọmọdé, tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ dúdú.

Ébò ní, "Gbogbo ẹni tó bá wá ló ń wo èyí. Nínú gbogbo góòlù tó jáde nínú ilẹ̀ wa, òun nìkan ló kù sọ́wọ́ wa."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń wo góòlù. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màámi kò wo góòlù. Igi àpótí náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi ìka tọ́ igun rẹ̀, níbi tí igi méjì ti wọnú ara wọn láìsí ìṣó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá bi Ébò ní ìbéèrè kan.

Ó dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kí lẹ bi í, Màámi?"

"Mo ní ta ló kan àpótí yìí. Ó ní òun ò mọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá òun lòun ti gbà á. Ó ní igi rẹ̀ dára, pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń yọ òun lẹ́nu, pé ẹni tó kàn án gbé ibi ìfọwọ́ṣí rẹ̀ sí òdì."

Màámi yí lọ sí ẹ̀yìn àpótí náà. Ojú àwa méjèèjì ni wọ́n ṣe na ọwọ́ òsì. Ìka wọn wọ inú ihò kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sí etí igi náà, ilẹ̀kùn sì ṣí wẹ́rẹ́, kò dún rárá.

"Kì í ṣe òdì," ni wọ́n wí, Yorùbá ni wọ́n sì fi wí i. "Ọwọ́ mi ló wọ̀n."

Wọ́n jókòó sórí àga tí Ébò gbé wá, wọ́n sì sọ ọ́ fún wa, fún èmi lédè wa, fún un lédè tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní Ṣakí, ìyá wọn máa ń fi ọ̀já di ọwọ́ òsì wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó lè gbàgbé iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, pankẹ́rẹ́ ni. Wọ́n dàgbà wọlé ọkọ, wọ́n sì ń fi í pamọ́ fún ọkọ pẹ̀lú. Àsánì ti rí i láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ló ní kí wọ́n na ọwọ́ sórí pákó òun, wọ́n na ọ̀tún. Ó ní, "Kì í ṣe ìyẹn. Èkejì tó ń ṣiṣẹ́." Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ìka wọn ká. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló gbé ṣóógíláàsì yìí dé ọjà, ó ní kí wọ́n máa to òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ wọn sínú rẹ̀. Wọ́n bi í pé báwo ni àwọn oníbàárà yóò ṣe máa wo ọwọ́ òsì. Ó ní iwájú ni oníbàárà ń dúró sí, ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn wà.

"Òun ni mi ò rí gbé wọ lọ́rì," Màámi wí. "Òun ni mo fi sọ́dọ̀ Esí."

Ébò jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ti rò pé góòlù ló yẹ kí èèyàn máa fi han àlejò.

Ọ̀sán ni Esí dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi báńdéèjì bo ojú kan, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Wọ́n ti sọ fún un láti ìdíkọ̀, kò sì yà sílé, mùsíọ̀mù ló wá tààrà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ojú kan yòókù wá inú yàrá.

Màámi dìde. Wọn ò sáré sí ara wọn bí mo ṣe rò. Esí rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé iwájú wọn, ó fọwọ́ kan ojú wọn, ó kan èjìká. Lẹ́yìn náà ó wá ọwọ́ òsì wọn, ó gbé e sókè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì mú un síbẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Ébò kò túmọ̀, èmi náà kò sì bi í. A jáde síta, a fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, Esí ní kí Ébò sọ ohun kan fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyàwó Àlíù lè gbọ́. Ó ní inú yàrá òun ni àpótí náà wà fún ogún ọdún ó lé, òun ò fi tajà rí, òun ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e. Ìgbà tí òjò ń wọlé sí òun lára ni òun jẹ́ kí Ébò gbé e lọ síbi tí òrùlé rẹ̀ dára, òun sì sọ fún un pé àyálò ni, pé ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Ébò ní, "Màámà, tiyín ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ, màá kó ohun inú rẹ̀ kúrò lónìí. Mo mọ awakọ̀ tó lè gbé e dé Lagos."

Inú mi dùn. Mo ti ń fọkàn wo ibi tí a máa gbé e sí nínú ìsọ̀. Màámi súnmọ́ àpótí náà. Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu gíláàsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n mí sí ibi kan tó dọ̀tí, wọ́n tún nu ún.

"Kó dúró síbí," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Bí mo bá gbé e lọ sí Òkokò, wọ́n á ra bọ́tìnnì níbẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá Àlíù níbẹ̀. Níbí ló ti ṣiṣẹ́, níbí ló kú sí. Wọ́n ti gba sàréè rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n máa rí èyí."

Esí bú sẹ́kún. Màámi gbá a mọ́ra, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí ló ní páálí pélébé tí wọ́n kọ nǹkan sí, pé àpótí náà kò ní. Ébò fún mi ní páálí àti báírò. Èmi tí mo ń tẹ ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lójoojúmọ́, mo rọra ń fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, Ébò sì kọ ọ́ lédè wọn sísàlẹ̀: pé Àsánì, káfíńtà, ọmọ Ṣakí, ló kan àpótí yìí fún ìyàwó rẹ̀ Àníkẹ́, tó fi tajà ní ìlú yìí. Mo kà á sókè fún Màámi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

A lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Esí. Ní àràárọ̀, Màámi àti òun á fa ọwọ́ ara wọn lọ sí mùsíọ̀mù, wọ́n á jókòó sínú yàrá kejì bí ẹni tó lọ kí èèyàn nílé. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá wá, Màámi á ṣí ilẹ̀kùn náà fún wọn. Àwọn ọmọ náà á fẹ́ dán an wò, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ òsì pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, Esí kò sìn wá dé ìdíkọ̀. Ó ní òun ti sìn ín débẹ̀ nígbà kan rí, ó tó. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló dúró sí, ó ń juwọ́ sí apá ibi tí ó gbọ́ ohùn wa.

Àwọn ará Òkokò rí i pé Màámi yàtọ̀ nígbà tí a dé. Wọ́n ń fi òsì ka owó ṣẹ́ńjì fún àwọn oníbàárà, ẹni tó bá bínú, kó bínú. Ìmọ́lẹ̀ kan wà lójú wọn. Ṣùgbọ́n Àlíù ló jẹ mí lógún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà, àpótí náà, páálí náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó lọ sí Alábà. Ọmọ tí kò mọ ojú bàbá rẹ̀ rí, tí kò ní fọ́tò rẹ̀, mi ò mọ ibi tí ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀ lára rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Àlíù tú rédíò kan palẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú rẹ̀. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Màámi, irú èèyàn wo ni bàbá mi?"

Mo rò pé Màámi yóò wí pé èèyàn rere ni, bí wọ́n ṣe máa ń wí. Wọ́n ro ó díẹ̀.

"Onígbàgbé ni nípa pẹ́ńsù. Á fi sétí, á sì máa wá a kiri ilé, á máa bi mí pé ta ló mú un. Ohùn rẹ̀ kò dára, ó sì fẹ́ràn láti máa kọrin. Esí máa ń pariwo láti ọ̀dọ̀ ẹja rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́. Kò lè jẹ ata. Bí mo bá se ọbẹ̀ tó ta, omi á máa dà lójú rẹ̀, á sì ní ó dùn."

Àlíù gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Èmi náà ò lè jẹ ata."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí o ti já lẹ́nu ọmú ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"O ò bi mí," Màámi wí. "Èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀."

Àlíù gbé rédíò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tún bi wọ́n pé, "Ṣé ó ga?"

"Ó ga jù ọ́ lọ díẹ̀. Dìde ná."

Àlíù dìde. Màámi náà dìde, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n fi ojú wọ̀n ọ́n, wọ́n sì na ọwọ́ sókè, wọ́n tẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́, díẹ̀ lókè orí ọmọ wọn.

"Ibí yìí," ni wọ́n wí. "Ibí yìí gan-an ló ga dé."